Níbi Tí Pijó Ti Ń Hó

Kò hó l'Ádó rí.
Ẹ gbọ́ ná: ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ń gbé Pijó bàbá mi
lọ sábẹ́ igi máńgòrò Bùsúyì l'Ájílósùn,
kò sì hó lójú Bùsúyì rí.
Yóò dúró bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ ń wò,
ẹ́ńjìnnì á máa kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́,
abẹ́rẹ́ ooru á jókòó sáàárín gbùngbùn.
"Ẹ̀yin lẹ̀rù ń bà," ni Bùsúyì á wí,
á nu ọwọ́ sí ṣòkòtò.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kó kọjá Aràmọkọ,
jẹ́ kó rí òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́ọ̀ọ́kán,
òkè tó dúró gan-an bí olówó èlé lẹ́nu ọ̀nà,
abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè tirẹ̀.
Á kan pupa.
Ooru funfun á tú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì,
èmi á sì lọ jókòó sórí òkúta ẹ̀bá títì,
agolo omi méjì lẹ́sẹ̀ mi,
tí mo ń ka ọkọ̀ agbépo tó ń kọjá,
nítorí bàbá mi kìlọ̀ fún mi kó tó lọ:
má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tínú ń bí i.

Owó bá a lọ.
A pààrọ̀ rédíétọ̀: tòkunbọ̀, láti Ìlọrin.
A yọ tẹmọsítààtì, Bùsúyì jù ú sígbó,
ó ní òyìnbó tí òtútù ń mú ló nílò rẹ̀.
A tú orí ẹ́ńjìnnì nítorí gásikẹ́ẹ̀tì;
gásikẹ́ẹ̀tì ò ṣe nǹkan kan. A dì í padà,
nọ́ọ̀tì mẹ́rin ṣẹ́ kù nínú abọ́, kò sẹ́ni tó bèèrè ilé wọn.
Mo ra fáànù. Fáànù ń fẹ́ bí ìjì.
Òkè Ẹ̀fọ̀n ò gbọ́ pé mo ra fáànù.

Ọmọ iṣẹ́ kan wà níbẹ̀, Morádéyọ̀,
tó sọ aṣọ iléèwé rẹ̀ àtijọ́ di aṣọ iṣẹ́.
Ó ní, "Ọ̀gá, ẹni tó ń sinmi lẹ̀ ń bi léèrè iṣẹ́.
Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí uná rẹ̀ pọ̀."
Uná ló pè é, bí wọ́n ti ń pè é nílé wọn l'Ẹ́fọ̀n.
Bùsúyì tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ké.
Ọmọ náà ò wo rédíétọ̀, kò wo fáànù,
ó bẹ̀rẹ̀, ó na tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀,
síbi hóòsì tó ń gbé omi tútù padà wọlé.
"Ẹ wo ọrùn rẹ̀."

Bá a ti ń tẹ̀ ẹ́ ni hóòsì ń fún pọ̀,
bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tó ń fa ọsàn.
Bùsúyì gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó tún wú padà,
bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.
Ìta rẹ̀ ń dán. Inú ló ti rọ̀.
Omi ń bẹ, páǹpù ń fà,
ọ̀nà ló ń dí,
kìkì nígbà tí a bá nílò omi jù.

Mo rántí bàbá mi ní ọsibítù,
bó ti jókòó jẹ́ẹ́ tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ríru,
tó ní kò séwu, ẹ máa lọ.
A délé tán
kó tó gun àtẹ̀gùn.

Hóòsì tuntun: ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ìdè méjì.
Morádéyọ̀ jókòó níwájú lọ́jọ́ tá a lọ dán an wò.
Kò bá mi sọ̀rọ̀; abẹ́rẹ́ ló ń wò.
A kọjá òkúta mi. Agolo kan tí mo gbàgbé síbẹ̀
ti di ti alángbá.
Lókè, atẹ́gùn tútù gba ojú fèrèsé wọlé,
abẹ́rẹ́ wà láàárín gbùngbùn.
Mo ti pa ẹ́ńjìnnì
kí n tó mọ̀ pé mo ṣì ń fetí sílẹ̀
de híhó.